Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ife Yẹn

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà: kí wọ́n fi èmi àti ife dígí mi sílẹ̀. Wọn kò gbọ́.

Ìyàwó mi, Safiatou, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Èmi, ọmọ Kétu ni mí. Ìjọba ló gbé mi wá sí kọlẹ́ẹ̀jì ìlú náà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ṣimí, ẹ̀kọ́ tó ń wádìí ohun tí nǹkan fi jẹ́ bó ṣe jẹ́. Ìwé tí èmi fúnra mi kà kò kọjá kọlẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n olùkọ́ ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ẹni tó bá mọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fi síwájú kíláàsì, tí wọ́n sì ń pè ní Mẹ́tírì. Nígbà tí a sin Safiatou tán, mo jókòó sílé títí a fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ní ó ti yá jù. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń bọ̀.

Ìdánwò náà ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ kíláàsì tẹmináàlì wa, àwọn tó fẹ́ jáde, máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pàràkú láti ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe ti ṣimí. Wọ́n á sùn sílé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n á fi ohun èlò tí ọwọ́ wọn kò mọ̀ ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn á sì fìdí rẹmi. Lọ́dún yẹn, ìjọba gbà kí a ṣe é nílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Júrì, àwọn olùdánwò, á ti Kútọnu wá ní ọjọ́ Ajé. Àwọn ló máa mú ìbéèrè wá. Àwa la máa pèsè ohun tí àwọn ọmọ máa yẹ̀ wò. Bí ohun náà kò bá mọ́, iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá kọ sílẹ̀ á ṣì, gbogbo kíláàsì á gba òdo, a ó sì padà sí Pàràkú.

Ohun tí a ní ni agolo ásíìdì bẹnsoíìkì kan. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó ń dán bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Bí èyí tó mọ́ nínú rẹ̀ bá wà lórí ooru, kò ní yọ́ títí tẹmomẹ́tìrì á fi kan méjìlélọ́gọ́fà. Níbẹ̀ ni yóò di omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀, á ti máa rọ̀ kó tó débẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá a lójú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ èyí tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́.

Tiwa mọ́, títí di ọjọ́ tí kámáràdì Moustapha fọwọ́ kàn án.

Moustapha ń kọ́ni ní jeográfì, òun ló sì ń bójú tó kọ́pérátíìfù ilé-ẹ̀kọ́. Lábẹ́ ìjọba ológun ìgbà náà, kámáràdì la máa ń pe ara wa, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló sì gbọ́dọ̀ máa mú nǹkan jáde fún ìlú. Tiwa dá oko kajú sí ọ̀nà Boni. Nígbà tí ibi ìkẹ́rù kún, ó kó àwọn àpò kajú wá sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn lábò, ìyẹn yàrá ìwádìí wa, níbi tí mo ń tọ́jú ohun èlò sí. Ìdí òkú ni mo wà nígbà náà. Àpò kan wó lu pẹpẹ, agolo náà já bọ́, ìyẹ̀fun náà dà sílẹ̀.

"Mo gbá a ni, Mẹ́tírì," ni ó sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín nígbà tí mo dé. "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbá padà sínú agolo. Kò sí èyí tó ṣòfò."

Mo wo inú agolo. Pupa ni. Erùpẹ̀, eruku, èèpo kajú, fọ́nrán okùn àpò, àti eèrà kan tó ti kú.

"Ìgbálẹ̀ wo lo fi gbá a?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà ni."

"Èyí tí wọ́n fi ń gbá ìta?"

"Ìgbálẹ̀ rere ni, Mẹ́tírì."

"Moustapha, kí ló dé tí o kò fi í sílẹ̀ níbi tó dà sí?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni nǹkan ṣe. "Ohun ìní aráàlú ni, kámáràdì. Ṣé kí n wá fi sílẹ̀ nílẹ̀?"

Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọ inú lábò.

Ọ̀nà wà láti fọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì le. Ásíìdì yìí kì í yọ́ nínú omi tútù, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ pátápátá nínú omi tó ń hó. A ó sè é nínú omi díẹ̀, a ó bu èédú lílọ̀ sí i kí ó fa àwọ̀ pupa náà mọ́ra, a ó sì tètè fi ìwé asẹ́ sẹ́ ẹ kí ó tó tutù. Erùpẹ̀ àti èédú á dúró lórí ìwé. Omi tó mọ́ gaara á kán sínú ife nísàlẹ̀. A ó bo ife náà, a ó sì fi í sílẹ̀. Ibi fífi sílẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mì í, ásíìdì náà á máa to ara rẹ̀ jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún omi. Bí wọ́n bá mì í, tàbí bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tó fi tutù lójijì, á dì wọ́ọ́, á gbá ìdọ̀tí mọ́ra. A ó wá tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá sì tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣe é. Omi náà mọ́ débi pé mo rí ìlà ọwọ́ mi láti òdìkejì ife. Mo bò ó, mo gbé e sí igun tábìlì, mo sì fà sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti ń yọ lójú omi nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Ehuzu!" Dìrẹ́tẹ̀ wa ni, kámáràdì Adégbọlá, ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì náà. Gbogbo olùkọ́ tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Dandan," ni mo fi dáhùn, bí a ti máa ń dáhùn kíkí ìjọba náà, tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà. Mi ò gbé ohùn sókè.

"Kámáràdì Ìlọ̀rí, àwa òṣìṣẹ́ kọlẹ́ẹ̀jì yìí, lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, a rò ó pé kò yẹ kí a máa kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jí nǹkan gbé…"

"Ẹ ṣeun. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jáde sí ìta."

"Ẹ jókòó, Mẹ́tírì! Ẹ̀yin la wá bá. Ẹ má dààmú ara yín."

Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa Safiatou, ẹni tí kò rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìjàkadì àwọn aráàlú. Ó tún padà sọ́dọ̀ Safiatou. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò wá bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." "Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró." "Ẹ kú ìrójú, Mẹ́tírì." Yàrá náà kéré, wọ́n ń fara gbún bẹ́ǹṣì. Moustapha fìdí lé tábìlì.

"Moustapha, jọ̀ọ́, má fara ti tábìlì yẹn."

"Tábìlì wo?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, gbà! "Èyí?"

Mo ń wo ife náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan tábìlì ni gbogbo omi náà fọ́ funfun, bí ìgbà tí wàrà bá dì. Wọ́n ṣì ń kí mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo sẹ́ ẹ, mo gbẹ ẹ́, mo bu díẹ̀ sínú ọ̀pá dígí tín-ín-rín, mo so ó mọ́ tẹmomẹ́tìrì, mo gbé e sínú òróró gbígbóná. Ó ti ń rọ̀ kó tó dé ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá. Mo pín in sí méjì. Mo tọ́jú apá kan sínú àwo, mo sì mú apá kejì láti tún bẹ̀rẹ̀. Omi tó kù, mo dà á sínú garawa, mo dé e. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Pọ́tò-Nófò máa ń sọ pé kí a má da omi nù kí iṣẹ́ tó parí.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ará ìlú. Kí n tó gbé omi kaná, ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ti dé lábò. Ó jókòó. Ó bi mí bóyá mo sùn. Ó bi mí bóyá mo jẹun. Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Nígbà tí ẹlòmíràn dé, ó dìde, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o," ó sì lọ. Ẹni kejì náà jókòó títí ẹni kẹta fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn tó ń ṣọ́ bánkì. Bí ẹni kan bá wọlé, mo gbọ́dọ̀ dìde. Bí mo bá dìde, omi tó ń hó á gbẹ, tàbí kí ìwé asẹ́ tutù kí ó sì dí.

Síbẹ̀, mo sẹ́ ẹ. Ó mọ́. Mo bò ó. Mo ní kí n lọ fọ ọwọ́ ní ẹnu kànga. Nígbà tí mo padà, àwo iyán kan, ọbẹ̀ wàgásì, ìyẹn wàrà dídì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wà níbi tí ife mi wà tẹ́lẹ̀.

Àdìjá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló gbé oúnjẹ wá. Ìyá Moussa la máa ń pè é; òun náà ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí. Moussa, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wà nínú kíláàsì tẹmináàlì yẹn gan-an.

"Ìyá Moussa, ife tó wà níbí dà?"

"Èyí tí ẹ fi àwo bò? Mo ti gbé e sójú fèrèsé, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó gbóná, Bàbá Fọlákẹ́."

"Ó yẹ kí ó gbóná!"

"Ẹ má bínú. Ẹ wá jẹun."

"Iṣẹ́ ìdánwò ọmọ yín ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ kì í tán láyé. Iyán ló máa ń tutù." Ó lọ síbi fèrèsé, ó tẹ̀ wo inú ife náà, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti dì gbùkẹ̀. "Kí ni funfun yìí?"

"Nǹkan tí a fi ń dán àwọn ọmọ wò ni."

"Ṣé ènìyàn lè jẹ ẹ́?"

"Kì í ṣe fún jíjẹ."

"Bí ènìyàn bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ìyá Moussa, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ó wo ife náà, ó wo ojú mi, ó tún wo ife. Ó ní kí n kú iṣẹ́, ó sì jáde. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi dé tó wá jókòó.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo ti pinnu. Mo dé kọlẹ́ẹ̀jì kí ẹnikẹ́ni tó jí dáadáa, mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọ̀pá irin há a láti inú. Mo fi ìyẹ̀fun ti àná sínú omi, mo tan rẹ́ṣò gáàsì, mo sì ṣiṣẹ́ mi bí ọmọ ènìyàn. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo sùn. Mo sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bò ó. Mo jókòó tì í.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mi ò dìde. Ìgbà tí nǹkan bá ń dì, ẹsẹ̀ ènìyàn lórí pákó ilẹ̀ yàrá náà tó láti bà á jẹ́.

"Mẹ́tírì! Mẹ́tírì o!" Ohùn Moustapha ni. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa!"

Mo dákẹ́. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á lọ.

"Ó ti ilẹ̀kùn láti inú," ni ẹnì kan wí.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Mo gbọ́ ìró iná rẹ̀ láàárọ̀. Ó ti pa á báyìí."

"Fèrèsé náà ńkọ́?"

"Ó ti gbogbo rẹ̀."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Àdìjá, tó ń sáré bọ̀ láti ojú ọ̀nà. "Ta ló jẹ́ kó dá nìkan wà? Mo ní kí ẹ má jẹ́ kó dá wà! Ó ní nǹkan funfun kan lọ́wọ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe fún jíjẹ. Moustapha, fọ́ ilẹ̀kùn yẹn!"

Mo dìde. Mo la ẹnu láti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é, ṣùgbọ́n èjìká Moustapha yá ju ẹnu mi lọ. Ilẹ̀kùn ìjọba ni. Ìdè rẹ̀ tú lẹ́ẹ̀kan náà, òun àti Moustapha ṣubú wọlé. Ó dìde, ó rí ife, ó kígbe pé, "Òun nìyí!" ó sì gbé e.

"Moustapha! Má fọwọ́ kan ife yẹn!"

"Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀!" ni Àdìjá ń ké.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá!" Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí fèrèsé, ó sì jù ú síta, àti ife, àti omi, àti àwo tí mo fi bò ó. Mo gbọ́ tí dígí fọ́ lórí àpáta.

Wọ́n ní, "Àlùhámúdùlílàhì." Àwọn obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti mí.

Èmi kì í pariwo. Àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn mo pariwo débi pé àwọn tó ń kó ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin gbọ́ mi, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Mo ní, kí ni mo ṣe fún yín? Mo ní, ṣé ènìyàn ò lè wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ má wá bi í bóyá ó jẹun? Ẹ mì tábìlì, mo dákẹ́. Ẹ gbé ife sí atẹ́gùn, mo dákẹ́. Ẹ wá fọ́ ilẹ̀kùn!

Àdìjá dúró títí mo fi pariwo tán. Kò sá sẹ́yìn.

"Ẹ fẹ́ kú," ni ó sọ.

"Mi ò fẹ́ kú! Mo fẹ́ kí nǹkan dì!"

"Bàbá Fọlákẹ́, níbí, ẹni tó bá sunkún òkú rẹ̀, a máa ń fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tí kò bá sunkún la máa ń ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ la bá a. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa kò sunkún ìyàwó rẹ̀, a ní akin ni. Orí àpáta la ti lọ gbé òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sin àbúrò mi, omi kan ò bọ́ lójú yín. Ẹ kàn ń fọ ife. Èmi ni mo pín àwọn èèyàn, pé bí ọ̀kan bá ń lọ, kí ọ̀kan máa bọ̀."

Mo wò ó. Ọdún tí mo ti lò láàárín wọn kò kéré, mi ò gbọ́ nípa àṣà yẹn rí. Safiatou kò sọ fún mi. Kò sídìí tó fi yẹ kó sọ ọ́.

"Ìyá Moussa," ni mo wí, ohùn mi ti rẹlẹ̀, "ohun tí wọ́n jù síta yẹn, òun ni Moussa máa fi ṣe ìdánwò ní ọjọ́ Ajé. Bí kò bá sí, òdo ló máa gbà. Òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ó yíjú sí Moustapha.

"Ta ló ní kó o jù ú síta?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá!"

"Mo ní kó o gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé mo ní kó o jù ú? Ẹnu mi lo ti gbọ́ 'jù ú'?"

"Màmá, ẹ ń pariwo…"

"Bí mo bá ń pariwo, ṣé kó o máa fọ́ nǹkan? Olùkọ́ ni ẹ́ o!"

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé garawa omi tí mo ti ń tọ́jú, mo gbé àwo tí mo fi apá kan pamọ́ sí ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbé omi náà kaná, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ títí ó fi ku díẹ̀. Ásíìdì tó ti bá omi lọ padà wá pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò ju ìkúnwọ́ kan lọ, ó sì pupa bí erùpẹ̀ tó ti wá. Èyí ni ìgbẹ̀yìn. Kò sí òmíràn ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì sí ní ibikíbi tí ọkọ̀ ojú irin lè mú mi dé kí ọjọ́ Ajé tó pé.

Àdìjá kò lọ. Mo wá sọ fún un pé, "Ẹ fẹ́ ṣọ́ mi? Ó dára. Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má dìde nígbà tí mo bá bò ó. Ẹ má fọwọ́ kan tábìlì."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹ má gbé oúnjẹ wá."

Ó jókòó. Mo tú ìyẹ̀fun náà sínú omi híhó, mo bu èédú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fi omi gbígbóná ṣan àrọ kí ìwé asẹ́ má baà tutù. Omi náà kán sínú ife tuntun, ó mọ́. Mo fi aṣọ ìnura wé ife náà yípo kí ooru rẹ̀ má tètè lọ, mo bò ó, mo sì jókòó.

Ilẹ̀kùn kò sí mọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè wọlé. Àwọn tí Àdìjá ti pín ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Òun ló ń dá wọn dúró, láìdìde, pẹ̀lú ọwọ́ nìkan. Ọkùnrin kan dúró ní àgbàlá, ó ké pé, "Mẹ́tírì, ẹ kú ará fẹ́ra kù ooo!"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" ni Àdìjá sọ, ohùn rẹ̀ ò ga ju ti ejò lọ. "O ò rí i pé ó ń dì?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ohun tó ń dì. Ó fi ìka ẹsẹ̀ rìn jáde.

A jókòó. Ó pẹ́. Àdìjá tí mo mọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sọ̀rọ̀. Oorun kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tó yá, ó na ọrùn díẹ̀, ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé."

"Kí ló ń dúró dè?"

"Ó ń dúró de ara rẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni ẹyọ kan yọ lójú omi. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ó funfun. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fara tì í. Wọn kò yára. Wọ́n ń gùn lọ sísàlẹ̀ bí gbòǹgbò. Kò sí ẹni tó gbún tábìlì. Àwa méjèèjì ń wò ó, ẹ̀gbọ́n Safiatou àti ọkọ Safiatou, a ò sì ní ohun tí a ó fi ọwọ́ ṣe.

Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé mi ò rí ife náà dáadáa mọ́. Mo gbé ọwọ́ sí ojú, ó tutù. Mi ò dún. Mo jẹ́ kó máa bọ́, nítorí bí mo bá dìde láti wá aṣọ, pákó á mì.

Àdìjá rí i. Ó ṣọ́ra dìde, ó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sílé. Ó dúró níta, ó sì gbé ohùn sókè, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi kan ní àgbàlá gbọ́:

"Ẹ máa lọ sílé o! Kí gbogbo yín máa lọ! Ó ti sunkún!"

"Ìyá Moussa!" ni mo wí láàárín eyín.

"Ó ti sunkún!" ni ó tún sọ, bí ẹni pé mo ní kó tún un sọ. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kí ara wọn kú oríire.

Mo wo ife náà. Kò mì.

Ní ọjọ́ Àìkú mo sẹ́ ẹ, mo fi omi tútù díẹ̀ ṣan án, mo gbẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò wá. Mo gbé ọ̀pá tín-ín-rín náà sínú òróró. Ọgọ́rùn-ún, kò rọ̀. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá, kò rọ̀. Ọgọ́fà, ó ṣì funfun ganrangan. Ní méjìlélọ́gọ́fà ó di omi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ kò lè kárí gbogbo kíláàsì ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì.

Àwọn júrì dé ní ọjọ́ Ajé. Olórí wọn bu ìyẹ̀fun náà sórí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó ní òun kò rí èyí tó dára bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí òun ti kọjá. Ó bi wá pé níbo la ti rà á.

"A ò rà á, kámáràdì," ni Dìrẹ́tẹ̀ Adégbọlá wí, ó sì na ọwọ́ sí Moustapha. "Kọ́pérátíìfù wa ló ṣe é."

Moustapha tẹ́rí ba díẹ̀. "A kò fi nǹkan kan ṣòfò," ni ó wí.

Mo yíjú sí i. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi pákó àpótí kàn padà. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ. Àwọn ọmọ ti tan iná wọn. Moussa àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ̀ sórí tẹmomẹ́tìrì wọn, wọn kò mí.

"Mẹ́tírì," ni Moussa wí, "kò tíì yọ́."

"Má fọwọ́ kàn án," ni mo sọ fún un. "Dúró dè é."